Wax, sealant, ceramic àbí PPF: èwo ló yẹ ọkọ̀ tíá rọ́bà yín?

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tuntun, tíá rọ́bà gangan, tí kì í ṣe tòkunbọ̀, kì í pẹ́ tí ìmọ̀ràn fi máa ń rọ́ dé. Ọ̀rẹ́ á ní kó lọ fi ceramic, ohun ìpara tó máa ń le gbagidi lórí ọ̀dà, bò ó. Àbúrò á ní PPF, awọ rọ́bà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọ̀dà, ni gbogbo ọ̀gá ń ṣe báyìí. Bàbá kan ládùúgbò á sọ pé wax, ìyẹn ìda inú agolo, tí òun ti ń lò láti ayé Peugeot 504 kò já òun kulẹ̀ rí. Òótọ́ wà lẹ́nu gbogbo wọn, àmọ́ ọ̀tá kan náà kọ́ ni wọ́n ń bá jà.

Ohun tó yẹ kéèyàn kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ ni pé: kí ló máa ba ọ̀dà ọkọ̀ tèmi jẹ́? Ṣé òkúta ojú ọ̀nà ni, oòrùn ni, ìgbẹ́ ẹyẹ ni, àbí àkísà ẹni tó ń bá mi fọ̀ ọ́? Ẹni tó bá mọ ìdáhùn yẹn ni owó rẹ̀ kò ní wọgbó. Kí n tètè sọ èrò tèmi: fún ọ̀pọ̀ nínú wa, sealant tó dáa, ìyẹn ohun ìpara tí ilé iṣẹ́ pò láti fi rọ́pò wax, pẹ̀lú omi mímọ́ àti fóòmù tó jẹ́ tiwa, sàn ju ceramic olówó gọbọi tí wọ́n tún ń fi àkísà eléruku nù lójoojúmọ́.

Ohun tí à ń dáàbò bò

Ìpele mẹ́rin ló sábà máa ń wà lórí irin ọkọ̀ ìgbàlódé. Ti ìsàlẹ̀ ni kì í jẹ́ kí irin dípẹtà, èyí tó tẹ̀ lé e ń jẹ́ kí ojú rẹ̀ tẹ́jú, ẹ̀kẹta ni àwọ̀ tí a ń rí, clear, ọ̀dà tí kò ní àwọ̀, ló wà lókè pátápátá. Clear yìí ló ń dán gbinrin, òun náà ló ń jẹ ìyà gbogbo. Àpapọ̀ ìpele mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sábà máa ń wà láàárín 100 sí 150 micron (ẹgbẹ̀rún micron ló wà nínú mìlímítà kan), clear nìkan sì jẹ́ bíi 40 sí 50. Irun orí èèyàn tó bíi 70 micron, ẹ̀yin náà ẹ wò ó bí ohun tí à ń ṣọ́ ṣe fẹ́lẹ́ tó. Gbogbo ìgbà tí ẹnikẹ́ni bá gbé máṣíìnì pọ́líìṣì lé e, díẹ̀ ń lọ nínú rẹ̀, èyí tó bá sì ti lọ kò ní padà àfi tí wọ́n bá tún ọkọ̀ náà kùn.

Àwọn kan máa ń sọ pé kéèyàn dúró oṣù mẹ́ta kí ọ̀dà gbẹ dáadáa kó tó fi ohunkóhun pa á. Ọkọ̀ tí pẹ́ńtà ṣẹ̀ṣẹ̀ tún kùn lọ̀rọ̀ yẹn bá wí. Níbi tí wọ́n ti ṣe ọkọ̀ tuntun, inú ààrò tó gbóná tó bíi 140°C ni wọ́n ti ń yan ọ̀dà rẹ̀, nígbà tí ìjókòó àti wáyà kò tíì sí nínú rẹ̀. Pẹ́ńtà tiwa kò lè yan odidi ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ike á yọ́ dànù, ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ rẹ̀ fi nílò sùúrù. Ti tíá rọ́bà ti gbẹ kí wọ́n tó gbé e sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi ní Àpápá. Ọjọ́ tí ẹ bá gbà á ni kí ẹ tọ́jú ẹ̀.

Kí ló ń ba ọ̀dà jẹ́?

Ẹ jẹ́ ká lọ sẹ́nu géètì láàárọ̀ kùtùkùtù. Ìrì ti sẹ̀ sórí ọkọ̀ mọ́jú, eruku ọyẹ́ ti bá a pò. Mẹ́gáàdì mú àkísà àná tó ti sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, ó ta omi díẹ̀ sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí i po lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. "Ẹ káàárọ̀ o, ọ̀gá, mo ti bá yín nu mọ́tò." Inú ọ̀gá dùn, ó ki ọwọ́ bọ àpò. Ire ni mẹ́gáàdì rò pé òun ń ṣe. Ṣùgbọ́n eruku ọyẹ́, tó ń ti ìhà aṣálẹ̀ Sàhárà fẹ́ wá láti bí oṣù kọkànlá, yanrìn kéékèèké ló kún inú rẹ̀, yanrìn sì le ju clear lọ. Kó tó di oṣù mélòó kan, ẹ gbé ọkọ̀ dúdú náà sábẹ́ iná ilé epo lálẹ́, ẹ ó rí ìlà wínníwínní tó yí iná náà ká bí òwú aláǹtakùn.

Ìgbẹ́ ẹyẹ ló tẹ̀ lé e. Ásíìdì wà nínú rẹ̀, oòrùn á sì yan án mọ́ clear títí tí ojú rẹ̀ á fi jẹ wọnú. Ọjọ́ kan péré nínú oòrùn ọ̀sán tó o láti fi àpá sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ọkọ̀ sábẹ́ igi ní ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀ mọ̀ pé ti ẹyẹ tiẹ̀ tún sàn. Àdán ibẹ̀ kò mọ ọkọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n yàtọ̀ sí ti akẹ́kọ̀ọ́. Oje igi máńgòrò náà kò gbẹ́yìn.

Omi bòhóòlù tún wà níbẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò l'Ékòó, irin pọ̀ nínú omi tí à ń fà láti inú ilẹ̀. Tí omi náà bá gbẹ sára ọkọ̀ nínú oòrùn, ó máa ń fi àmì róbótó-róbótó sílẹ̀ tí ọṣẹ lásán kì í ká.

Òkúta wá ní ibi tirẹ̀. Ẹni tó ń gba márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn lọ bọ̀ lẹ́yìn típà àti tírélà, iwájú ọkọ̀ rẹ̀ á gba òkúta ṣáá ni. Ẹni tí kì í kúrò nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìkẹjà kò ní ìṣòro òkúta bẹ́ẹ̀; kẹ̀kẹ́ Márúwá ni kó máa ṣọ́.

Ẹ wo wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

| | Bó ṣe ń pẹ́ tó | Òkúta | Ìgbẹ́ ẹyẹ | Ìlà àkísà | Ta ló ń ṣe é |
|---|---|---|---|---|---|
| Wax | ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí oṣù 3 | kò lè dá a dúró | ó ń fún yín láyè díẹ̀ | kò lè dá a dúró | ẹ̀yin fúnra yín |
| Sealant | oṣù 4 sí 6 | kò lè dá a dúró | ó sàn ju wax | kò lè dá a dúró | ẹ̀yin fúnra yín |
| Ceramic | ọdún 1 sí 5 | kò lè dá a dúró | ó dáa, àmọ́ ẹ ṣì gbọ́dọ̀ tètè nù ún | ó dín in kù díẹ̀ | oníṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n |
| PPF | ọdún 5 sí 10 | ó ń dá ọ̀pọ̀ dúró | ara rọ́bà ló ń jẹ, kì í ṣe ọ̀dà | ó ń gbà á, ìlà náà á tún pa dé | oníṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n gidi |

Ẹ má ka iye ọdún yẹn sí májẹ̀mú. Ọkọ̀ tó ń sùn nínú oòrùn tí wọ́n sì ń fi ọṣẹ ìfọṣọ bó lójoojúmọ́ kò ní dé ìdajì rẹ̀.

Wax tàbí sealant

Wax tó gbayì jù, carnauba, ara ewé ọ̀pẹ kan tó ń hù ní àríwá ìlà-oòrùn Brazil ni wọ́n ti ń rí i, ní ìpínlẹ̀ bíi Ceará àti Piauí. Wọ́n á sá ewé náà, wọ́n á gbọn ìda ara rẹ̀ sílẹ̀. Ó máa ń jẹ́ kí ọ̀dà dúdú àti pupa jinlẹ̀ lójú, mi ò sì tíì rí nǹkan tó fún ọkọ̀ ní ẹwà yẹn pẹ̀lú owó táṣẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìṣòro rẹ̀ ni ooru. Ní bíi 82 sí 86°C ni carnauba pọ́ńbélé ń yọ́, èyí tó wà nínú agolo sì rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ nítorí òróró tí wọ́n pò mọ́ ọn. Bọ́nẹ́ẹ̀tì dúdú tí oòrùn ọ̀sán ń pa kò jìnnà sí ooru yẹn. Tí òjò bá tún rọ̀ lé e, tí ọmọ tó ń fọ mọ́tò sì bu ọṣẹ ìfọṣọ sí i, ó parí.

Sealant, ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti po òun. Kò lẹ́wà tó wax lójú mi, dídán tirẹ̀ tutù díẹ̀, àmọ́ ó le, ó sì ń fara da ooru. Ẹ fọ́n ọn, ẹ fi táwẹ́ẹ̀lì tó rọ̀ tẹ́ ẹ, ẹ fi òmíràn nù ún. Láàárín wákàtí kan, odidi ọkọ̀ ti parí. Tí ẹ bá ṣe é kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ tún ṣe é kí ọyẹ́ tó dé, ẹ ti ṣe tọdún yẹn. Tí mo bá ní kí n mú ọ̀kan nínú méjèèjì fún ọkọ̀ tí a ń wà lójoojúmọ́, sealant ni, mi ò tiẹ̀ ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Kí ẹ ṣá ti ṣọ́ra kí wax má kan ike dúdú etí ilẹ̀kùn, torí ó máa ń funfun síbẹ̀.

Sealant tàbí ceramic

Ibí ni owó ti ń ṣòfò jù, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀.

Silica, ohun tó wà nínú yanrìn tí wọ́n fi ń ṣe gíláàsì, ni ìpìlẹ̀ ceramic. Tí wọ́n bá pa á, á wọra pẹ̀lú clear, á sì le gbagidi. Kì í yọ́ nínú oòrùn, ọṣẹ kì í tètè ká a kúrò, ìdọ̀tí kì í fẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn. Ìyẹn ni ire rẹ̀ tó tóbi jù: ọkọ̀ á rọrùn láti fọ̀, torí náà ìfọwọ́rá máa dín kù. Ẹni tó ti ń fọ ọkọ̀ dáadáa tẹ́lẹ̀ á gbádùn rẹ̀ gan-an.

Àmọ́ micron kan tàbí méjì ni gbogbo sísanra rẹ̀. Òkúta tó ta láti abẹ́ táyà tírélà kò ní mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀. Ẹ ó gbọ́ tí wọ́n ń sọ "9H, 9H" bí ẹni pé díámọ́ńdì ni wọ́n dà sórí ọkọ̀. Ìdánwò pẹ́ńsùlù ni 9H: wọ́n ń fi àwọn pẹ́ńsùlù líle ha ojú rẹ̀, 9H sì ni èyí tó le jù nínú wọn. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àkísà tí yanrìn wà lára rẹ̀ á fa ìlà sórí ceramic. Àwọn tó ń dáná láítà sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì láti fi polówó rẹ̀, eré ni wọ́n ń ṣe. Ta ló ń finá sun ọkọ̀ rẹ̀?

Ohun méjì tún wà tí wọn kì í sábà sọ. Àkọ́kọ́, omi máa ń ṣù jọ lórí ceramic ni, ó dùn ún wò, àmọ́ tí omi bòhóòlù bá ṣù bẹ́ẹ̀ tó sì gbẹ sínú oòrùn, gbogbo irin inú rẹ̀ á kó jọ sí ojú kan, àmì rẹ̀ á wá le jù ti ọkọ̀ tí wọn ò fi nǹkan kan pa. Ẹni tó bá ṣe ceramic tí kò sì ní nu ọkọ̀ gbẹ lẹ́yìn fífọ̀, kó máa bá sealant lọ. Èkejì, ohunkóhun tó bá wà lábẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n pa á ló máa wà níbẹ̀. Ìlà tó ti wà lára ọ̀dà á túbọ̀ yọ kedere. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé èyí tó pọ̀ jù nínú owó ceramic, ìmúrasílẹ̀ lẹ ń sanwó rẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti ní àwọn á ṣe é láàárín wákàtí méjì, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín padà.

Ceramic inú ìgò ìfọ́n tí wọ́n ń tà fún ẹni tó fẹ́ ṣe é nílé, oṣù mélòó kan ló ń lò. Ó dáa o, àmọ́ ìjókòó kan náà ló ń bá sealant jókòó, orúkọ nìkan ló yàtọ̀.

Ceramic tàbí PPF

PPF kì í ṣe ohun tí wọ́n ń pa. Awọ rọ́bà tí a lè rí òdìkejì rẹ̀ ni, tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọ̀dà. Nígbà ogun Vietnam ni àwọn ológun Amẹ́ríkà ti ń lẹ irú rẹ̀ mọ́ abẹ̀bẹ̀ hẹlikópítà kí yanrìn àti àfọ́kù má bàa jẹ ẹ́, ẹ̀yìn ìyẹn ló tó dé orí ọkọ̀. Èyí tó dáa máa ń nípọn tó 150 sí 200 micron, ìyẹn ni pé ó nípọn tó ìpele ọ̀dà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lápapọ̀, ó tiẹ̀ sábà máa ń jù ú lọ. Ọ̀rọ̀ òkúta, òun nìkan ló dáhùn sí. Èyí tí wọ́n fi TPU, irú rọ́bà kan tó máa ń fà, ṣe tún máa ń pa ojú ara rẹ̀ dé: tí ìlà kékeré bá wà lára rẹ̀, tí oòrùn bá pa á tàbí tí ẹ da omi gbígbóná sí i, ìlà náà á pòórá.

Owó rẹ̀ ni kì í ṣe kékeré. Odidi ọkọ̀ á gbọ́n àpò gbẹ, ó máa ń tó ìlọ́po mélòó kan owó ceramic, mi ò sì rí ìdí tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi nílò rẹ̀. Iwájú nìkan ni kí ẹ ṣe: bọ́ńpà, bọ́nẹ́ẹ̀tì, iná iwájú, ẹ̀yìn dígí ẹ̀gbẹ́. Kí ẹ fi ibi kóróbójó tí èékánná ń họ lẹ́yìn ìmú ilẹ̀kùn kún un, àti etí bọ́ńpà ẹ̀yìn níbi tí wọ́n ti ń wọ́ ẹrù jáde nínú búùtù. Ìyókù ara ọkọ̀, sealant tàbí ceramic ti tó o. A lè pa ceramic sórí PPF náà, kí ìdọ̀tí má bàa máa lẹ̀ mọ́ ọn.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi wọ́n bóyá TPU ni àbí PVC, irú ike mìíràn. PVC máa ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ láìpẹ́ nínú oòrùn wa, á sì gan. Ẹ bi wọ́n bóyá kọ̀ǹpútà ló ń gé e kí wọ́n tó gbé e lé ọkọ̀, àbí orí ọkọ̀ ni wọ́n ti ń fi abẹ gé e. Ọwọ́ tí kò dúró lè fi abẹ la clear já, ẹ kò sì ní mọ̀ títí dọjọ́ tí ẹ bá ṣí rọ́bà náà. Tí wọ́n bá sì ti tún apá kan ọkọ̀ kùn rí, ẹ sọ fún wọn, torí ọ̀dà tí kò di irin mú dáadáa lè bá rọ́bà jáde lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń ṣí i.

Àwọn tó ń fara jọ ọ́

Vinyl tí wọ́n fi ń yí àwọ̀ ọkọ̀ padà, oge ni wọ́n dìídì ṣe é fún. Ó fẹ́lẹ́ ju PPF, oòrùn wa sì máa ń yan án mọ́ ọkọ̀ tí wọ́n bá pẹ́ kí wọ́n tó ṣí i. Ẹ má gbàgbé pé àwọ̀ ọkọ̀ wà nínú ìwé rẹ̀. Tí ẹ bá yí i padà, ẹ lọ ṣàtúnṣe ìwé kí ẹ tó bọ́ sójú títì.

Aṣọ ìbòrí ọkọ̀ ń kọ́? Lábẹ́ òrùlé tó mọ́, ó dáa. Níta, nígbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ á máa fi aṣọ náà gbo eruku mọ́ ọ̀dà láti alẹ́ dòwúrọ̀. Páànù mẹ́rin lórí òpó irin sàn jù ú lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní London tàbí Chicago, iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù ni ọ̀tá tiyín. Kò sí ọ̀kankan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó dé abẹ́ ọkọ̀. Omi alágbára ni kí ẹ máa fi fọ abẹ́ rẹ̀.

Èwo ni kí tèmi jẹ́?

Ọkọ̀ tó ń sùn sẹ́nu ọ̀nà ní Surùlérè, tí ẹlòmíràn ń bá yín fọ̀: sealant. Owó tó bá kù, ẹ fi ra bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì, fóòmù oníwúrúwúrú, táwẹ́ẹ̀lì ńlá kan àti ọṣẹ ọkọ̀, kí ẹ kó o sínú búùtù, kí ẹ sọ fún ẹni tó ń fọ̀ ọ́ pé tiyín ni kó lò. Bọ́kẹ́ẹ̀tì kan fún ọṣẹ, èkejì fún ṣíṣan fóòmù. Òkè ni kó ti bẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ táyà gbẹ̀yìn, kí omi sì kọ́kọ́ gbá eruku lọ kí ọwọ́ tó kan ọ̀dà. Ní ti mẹ́gáàdì, ẹ fún un lówó náà, kó ṣáà má nu ọkọ̀ ní gbígbẹ.

Ẹni tó ń gba márosẹ̀ lọ bọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: PPF síwájú, sealant sára. Ẹni tó ní ilé ọkọ̀ tó lórùlé, tó fẹ́ràn láti máa fọ ọkọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀ láàárọ̀ Sátidé: ceramic á dùn mọ́ ọn. Ẹni tó rà á kó lè tà á lẹ́yìn ọdún méjì: wax tàbí sealant tó, ẹni tó fẹ́ rà á kò ní fowó kún un nítorí ceramic. Ọkọ̀ tí ọ̀dà rẹ̀ kì í dán láti ilé iṣẹ́, tó rí bí ẹni pé wọ́n fi eérú pa á, ẹ má fi wax kàn án, ẹ má sì pọ́líìṣì rẹ̀ láé; PPF aláìdán tàbí ceramic tí wọ́n ṣe fún irú rẹ̀ ni kí ẹ béèrè.

Kí wọ́n tó pa ohunkóhun

Tíá rọ́bà kò túmọ̀ sí pé ọ̀dà rẹ̀ mọ́. Ó ti gun ọkọ̀ ojú omi, ó ti dúró sí ìta gbangba ní èbúté, ó ti tún jókòó síbi tí wọ́n ti ń tà á. Ẹ sọ fún wọn ṣáájú ọjọ́ tí ẹ ń lọ gbé e pé kí wọ́n má fọ̀ ọ́, kí wọ́n má nù ún, bí ó ti wà ni ẹ fẹ́ ẹ. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tuntun ti ń gba ìlà àkọ́kọ́ wọn.

Nígbà tí ẹ bá ti fọ̀ ọ́ nílé tí ó sì gbẹ, ẹ ki ọwọ́ bọ náílọ́ọ̀nù tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ rọra fi ìka ra bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ohun tí ọwọ́ lásán ò mọ̀, náílọ́ọ̀nù á jẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n. Tí ó bá ń ṣe hanra-hanra, irin kéékèèké ti lẹ̀ mọ́ ọn. Omi tí wọ́n ń fọ́n láti fi yọ irin wà lọ́jà, á máa ṣàn ní àwọ̀ àlùkò bó ṣe ń yọ ọ́. Amọ̀ àwọn oníṣẹ́ detailing, ìyẹn àwọn tó ń tún ojú ọkọ̀ ṣe, á sì kó ìyókù. Pọ́líìṣì ńkọ́? Bí ìlà kò bá sí, kí wọ́n má gbé máṣíìnì dé ibẹ̀. Bí ó bá wà, kí wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń wọn ọ̀dà wọ̀n ọ́n lójú yín kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Tó bá jẹ́ ceramic ni ẹ ṣe, omi kò gbọ́dọ̀ kàn án fún wákàtí 24 àkọ́kọ́, ọṣẹ kò sì gbọ́dọ̀ kàn án fún ọjọ́ 7. Nínú òjò oṣù kẹfà, ìyẹn túmọ̀ sí pé ọkọ̀ á sùn sọ́dọ̀ oníṣẹ́. Kí ẹ bèèrè ṣáájú bóyá wọ́n ní òrùlé.